Àlọ́ Ọkùnrin Tó Yá Ara Wọ̀, àti Bí Ó Ṣe Di Ìwé

Bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ ní Gbossimé ni, tí ẹ jókòó láti ka ìwé díẹ̀ kí oorun tó dé.

Lónìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ rí. Ẹnu ìyá àgbà ni ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ tó mọ A yàtọ̀ sí B. A ó sọ bí àlọ́ náà ṣe wọ inú ìwé, ẹni tó kọ ọ́, àti ohun tí ìwé náà dá sílẹ̀. Àlọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni a ó fi parí rẹ̀.

Àlọ́ náà

Ọmọbìnrin kan wà tó rẹwà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wá tọrọ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ hàn án, ó kọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ó rí àlejò ọkùnrin kan láàárín ọjà. Ọkùnrin náà ga, awọ ara rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ìka sí lára rẹ̀ pé kò dára. Ọmọbìnrin náà gbàgbé ọjà tó ń tà. Nígbà tí ọjà tú, ó tẹ̀ lé àlejò náà. Àlejò ní kó padà, kò padà. Wọ́n rìn títí wọ́n fi kúrò lójú ọ̀nà tí ènìyàn ń tọ̀, wọ́n wọ inú igbó.

Nígbà náà ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó yá padà. Ó dé ibi kan, ó yọ ẹsẹ̀, ó fún ẹni tó ni ín, ó sì san owó tó fi yá a. Ó dé ibi mìíràn, ó dá ikùn àti àyà padà. Ó dá apá padà. Ó dá ọrùn padà. Níkẹyìn, ó dá awọ ojú rẹ̀ padà. Kò ku nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe agbárí tó ń yí gbiri nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà fẹ́ sá, ṣùgbọ́n agbárí ń sáré jù ú lọ.

Bí ìyá àgbà bá sọ ọ́ débẹ̀, gbogbo ọmọdé á sún mọ́ra wọn. Òun náà á wá sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé, "Ẹ rí i? Ẹni tí kò gbọ́ tí òbí, ohun tó máa ń rí nìyẹn."

Àlọ́ tí kò ní olówó kan

Ẹ má ṣe rò pé Yorùbá nìkan ló ní àlọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìran ní ilẹ̀ wa yìí ló ń pa á. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń pa á ni ìparí rẹ̀ ń yí padà.

Ní ọdún 1910, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní gúúsù Nàìjíríà tẹ ìwé àlọ́ kan jáde. Elphinstone Dayrell ni orúkọ rẹ̀. Àlọ́ agbárí wà nínú ìwé náà, bí wọ́n ṣe ń pa á ní ìlú Calabar. Nínú ti Calabar, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú ni agbárí ti yá ara. Ó mú ìyàwó délé, ó bá ìyá rẹ̀ arúgbó nílé. Ọmọbìnrin náà ń tọ́jú arúgbó yìí dáadáa. Nítorí oore yìí, arúgbó náà pe afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbé ọmọbìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe akọni kan ló gbà á sílẹ̀. Ìwà rẹ̀ ló gbà á.

Àwọn òyìnbó náà ní àlọ́ tiwọn. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn tó wá ṣèjọba lé Tógò lórí láti 1884 títí di 1914, àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà tó ń jẹ́ Jacob àti Wilhelm Grimm. Ọ̀mọ̀wé ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ń kó àlọ́ jọ, wọ́n sì tẹ ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1812. Ìwé kejì jáde ní ọdún 1815. Ta ló pa ọ̀pọ̀ nínú àlọ́ ìwé kejì yẹn fún wọn? Obìnrin kan ni, tó ń jẹ́ Dorothea Viehmann. Ìyàwó aránṣọ ni. Ó máa ń gbé ohun oko rẹ̀ wá tà ní ìlú Kassel. Bí ó bá wá tajà, ó máa ń yà sọ́dọ̀ wọn, á pa àlọ́, wọn á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1815 náà ni ó kú. Àlọ́ rẹ̀ kò bá a kú, nítorí pé ó ti wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin ìyá wa ní ọjà Gbossimé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọ̀kan lára ìwé àlọ́ tó lókìkí jù láyé, obìnrin tó ń tajà wà nídìí rẹ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ ní tiwa

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí àlọ́ agbárí. Ẹni tó mú un kúrò lẹ́nu, tó sọ ọ́ di ìwé ìtàn àròsọ, ni Amos Tutuọlá.

Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1920. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn òbí rẹ̀. Wọn kò ní owó tó láti rán an lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún akọ̀wé ìjọba kan, akọ̀wé náà ló sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1939, bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀kọ́ parí síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni ó lò nílé ẹ̀kọ́.

Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun parí, ó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò rọ́wọ́ mú. Ní ọdún 1946, ó rí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Ẹ mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́: ẹ gbé ìwé yìí lọ, ẹ gbé ìyẹn bọ̀, ẹ jókòó kí ẹ máa retí ìgbà tí wọn yóò pè yín. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó rán an níṣẹ́, Tutuọlá a mú bébà, a máa kọ àlọ́ tó ti gbọ́ nígbà èwe rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá tó kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1938, D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó, ti tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Èdè Yorùbá ni Fágúnwà fi kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Tutuọlá fi kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ̀rọ̀ bí Yorùbá ni. Kò dúró wá ọ̀rọ̀ ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó ṣe gbé e kalẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1952. Orúkọ rẹ̀ ni The Palm-Wine Drinkard, ìyẹn ni pé, Ọ̀mu Ẹmu.

Ohun tó wà nínú ìwé náà

Ọkùnrin kan ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ìwé náà. Kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tí ọ̀pẹ rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì wá adẹ́mu kan fún un. Adẹ́mu yìí ń dá agbè ẹmu 150 láàárọ̀, ó ń dá 75 nírọ̀lẹ́. Bàbá kú. Lẹ́yìn náà, adẹ́mu ré bọ́ lórí ọ̀pẹ, òun náà kú. Ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ sì tán. Ọ̀mu wá gbéra, ó ní òun ń lọ wá adẹ́mu òun ní ìlú àwọn òkú.

Ó dé ìlú kan lójú ọ̀nà. Baálẹ̀ ìlú náà ní, bí ó bá lè bá òun wá ọmọbìnrin òun tó sọnù, òun yóò sọ ibi tí adẹ́mu wà fún un. Ọmọbìnrin wo? Ọmọbìnrin inú àlọ́ wa ni! Ó ń tajà ní ọjà, ó rí àlejò tó dára láìkù síbì kan, ó tẹ̀ lé e, àlejò sì di agbárí. Àwọn agbárí fi í sínú ihò, wọ́n gbé e jókòó lórí kọ̀ǹkọ̀ ńlá kan. Wọ́n so owó ẹyọ mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ó bá fẹ́ sá, owó ẹyọ náà á pariwo. Kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ohun tí Tutuọlá ṣe. Kò yí egungun àlọ́ náà padà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó fi ayé ìgbà tirẹ̀ kún un. Ọ̀mu rí àlejò náà ní ọjà, ó sunkún pé Ọlọ́run kò dá òun dára bẹ́ẹ̀. Ó ní, bí irú ọkùnrin yìí bá lọ sójú ogun, àwọn ọkọ̀ òfurufú kò ní ju bọ́ǹbù lù ú nítorí ẹwà rẹ̀. Ìyá àgbà kankan kò mọ bọ́ǹbù nígbà àtijọ́. Tutuọlá mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti bá àwọn ológun òfurufú ṣiṣẹ́. Bí àlọ́ ṣe ń wà láàyè nìyẹn: ẹni tó ń pa á lónìí máa ń fi ohun tí ojú tirẹ̀ rí sí i.

Ọ̀mu lo oògùn. Ó sọ ọmọbìnrin náà di ọmọ ológbò, ó fi í sápò. Ó sọ ara rẹ̀ di ẹyẹ, ó sì fò lọ. Lẹ́yìn náà ó fi ọmọbìnrin náà ṣe aya, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn lọ. Ọmọbìnrin tó ṣìnà ní ọjà wá di obìnrin tó ń rí ohun tó ń bọ̀ níwájú, tó ń fi òwe kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Wọ́n dé ìlú àwọn òkú, wọ́n rí adẹ́mu. Ṣùgbọ́n adẹ́mu ní ẹni tó ti kú kò lè padà wá bá alààyè gbé. Ẹni tó lọ nítorí ẹmu kò mú ẹmu bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ẹlòmíràn kó tó padà délé.

Ìyìn lókè òkun, ìbínú nílé

Ní ọdún 1952 náà, akéwì Dylan Thomas yin ìwé yìí nínú ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1953, òǹkọ̀wé Faransé kan, Raymond Queneau, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Paris, wọ́n pè é ní L'Ivrogne dans la brousse. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbọ́ Faransé ní Lomé náà lè kà á.

Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Inú àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Nàìjíríà kò dùn rárá. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára. Wọ́n ní àwọn òyìnbó yóò máa rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ojú ń tì wọ́n nítorí ìránṣẹ́ tó kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìdájọ́ tó tọ́. Kì í ṣe ìlara nìkan ló ń ṣe wọ́n. Àwọn òyìnbó ló ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà, wọ́n sì máa ń sọ pé a kò lè dá ṣe ìjọba ara wa. Ẹni tó ń bá wọn jà fún òmìnira kò fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Síbẹ̀, ó mú kí wọ́n kọ ohun tí ó jẹ́ tiwọn.

Ẹ rántí ọkùnrin inú àlọ́. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó dá gbogbo rẹ̀ padà, agbárí ló kù. Tutuọlá lo èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọkàn àwọn ènìyàn yí padà. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré orí ìtàgé, sọ ìwé náà di eré ní èdè Yorùbá, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀mùtí ni wọ́n pe eré náà. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá rí àlọ́ wọn padà. Ní ọdún 1977, Chinua Achebe, òǹkọ̀wé ńlá náà, wá sí Ìbàdàn, ó sọ̀rọ̀ lórí ìwé yìí. Ó ní ẹ̀kọ́ gidi wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa ṣeré láìṣiṣẹ́. Ọdún 1997 ni Tutuọlá kú, ní Ìbàdàn.

Ta ló ń pa àlọ́ náà báyìí?

Obìnrin kan ní Gánà, Ama Ata Aidoo, gba àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, ó fi kọ eré kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1970. Anowa ni orúkọ rẹ̀. Nínú eré yìí, Anowa yan ọkọ tó wù ú, ó sì tẹ̀ lé e lọ. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe agbárí. Ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ lówó, ó sì ń ra ẹrú. Anowa ní òun kò fẹ́ owó tí a fi ẹrú kó jọ. Kò sí akọni tó wá gbà á sílẹ̀. Ìparí eré náà kò dùn. Nígbà tí ènìyàn bá kà á tán, kò ní lè sọ pé, "Nítorí pé kò gbọ́ tí òbí ni." Yóò béèrè pé, "Ta ló ṣẹ̀ gan-an?"

Ẹ wò ó. Àlọ́ kan ni. Ti Calabar kọ́ wa pé ìwà rere ń gbani. Ti Tutuọlá fi hàn pé ẹni tó ṣìnà lè di ọlọ́gbọ́n. Ti Aidoo bi wá ní ìbéèrè nípa owó àti òmìnira. Ẹni tó mú kálámù lọ́wọ́ ló pinnu ibi tí àlọ́ yóò parí sí.

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ èyí fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń sọ pé, "Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ, kí ni mo fẹ́ kọ?" Ọdún mẹ́fà péré ni Tutuọlá lò nílé ẹ̀kọ́. Ohun tó ní, ẹ̀yin náà ní in: ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà.

Àwọn àgbà yẹn sì ń lọ. Ní Lomé yìí, àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Ewé ní àdúgbò, wọ́n ń gbọ́ Faransé nílé ẹ̀kọ́. Nàgó ń kéré lẹ́nu wọn. Àwọn arákùnrin wa Ifẹ̀ ní Atakpamé, àwọn ará Kétu àti Sakété ní Benin, gbogbo wọn ló ní bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́ yìí. Bí ìyá àgbà kan bá kú láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ìparí tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè bá wa yá a padà.

Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé yín. Ẹ lọ jókòó ti àgbà kan ní ilé yín. Ẹ ní kó pa àlọ́ yìí fún yín. Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ní Nàgó tí ẹ ń sọ. Bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ẹ fà á rẹ́, ẹ tún un kọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Àwọn ìbéèrè fún kíláàsì

1. Báwo ni wọ́n ṣe ń parí àlọ́ yìí ní ìlú tiyín? Ṣé ọmọbìnrin náà padà sílé?

2. Kí ló mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan bínú sí ìwé Tutuọlá? Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú wọn?

3. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ pa àlọ́ yìí fún ọmọ yín obìnrin lónìí, kí ni ẹ ó fẹ́ kó kọ́ nínú rẹ̀?